Ta Ni Yóò Wẹ Ìyá Àìná?

N kò ní bẹ yín pé kí ẹ gbà mí gbọ́. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn wà lókè, n kò sùn, n kò mutí. Ẹ sáà súnmọ́ mi díẹ̀.

Láyé ìjọba sójà nígbà náà, kàmárádì ni gbogbo wa ń pe ara wa lórílẹ̀-èdè Benin. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí wọ́n fi tápólì bo ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tí a ń pè ní bàṣé, ni mò ń wà láàárín Savalou àti Bantè. Mo ti kó iṣu, mo ti kó kajú, mo ti kó ewúrẹ́. Òkú náà, mo ti gbé e rí, kò sì bà mí lẹ́rù.

Màmá arúgbó kan kú ní Savalou, nílé Àìná, ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ní Savalou, Ìyá Àìná ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ní Bobè lápá Bantè, níbi tó ti lọ́kọ, Ìyá Àjàyí ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, nítorí Àjàyí ni àkọ́bí rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ó pẹ́ tí màmá náà ti wà lórí ẹní kó tó kú. Àìná ló ń gbé e, òun ló ń bọ́ ọ, òun ló ń yí i padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà jẹrà. Àjàyí wà lóko rẹ̀ ní Bobè, kì í sábà wá. Ìgbà tí ìyá kú ló dé pẹ̀lú àwọn àgbà ilé bàbá rẹ̀. Ó ní òun ni ọkùnrin, òun ni àkọ́bí, ilé bàbá òun ní Bobè ni wọn yóò ti wẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ni wọn yóò sin ín sí, òun ni yóò sì kọ́kọ́ da iyẹ̀pẹ̀ sí i.

Àìná kò bá wọn jiyàn lórí ibojì. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ wọ́n fún ni pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wẹ ìyá òun kí wọ́n tó gbé e lọ. Àwọn àgbà kọ̀. Wọ́n ní obìnrin tó ti lọ sílé ọkọ kò ní ṣáájú àwọn ìyàwó ilé. Wọ́n ní kó má tilẹ̀ wọ ọkọ̀. Ni wọ́n bá ṣáájú wa lọ sí Bobè láti lọ gbẹ́ ilẹ̀.

Èmi ni wọ́n háyà láti gbé òkú náà. Ọ̀rọ̀ ẹbí kì í ṣe ti awakọ̀. A tẹ́ màmá sẹ́yìn ọkọ̀ lórí ẹní, a fi aṣọ funfun bò ó. Ó yẹ kí Àjàyí jókòó ti ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n iwájú ló wọ̀.

A ti fi àwọn òkè Savalou sẹ́yìn dáadáa nígbà tí mo rí arúgbó obìnrin kan tó ń bọ̀ níwájú wa létí títì. Savalou ló kọjú sí. Aṣọ funfun ló ró, ó ń rọra rìn. Mo tẹ fèrè kó lè yà fún eruku. Kò yà. A kọjá rẹ̀.

N kò ro nǹkan kan sí i. Ta ni kì í rí arúgbó lójú ọ̀nà?

A gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, a sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin náà tún wà níwájú. Ó tún ń bọ̀ wá pàdé wa, Savalou ló tún kọjú sí.

Ẹ gbọ́ mi o. Mo dín eré kù kí n lè wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ojú tí wọ́n fi aṣọ bò níṣojú mi láàárọ̀ ni.

Àjàyí kò wò mí. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́:

"Má dúró. Èmi náà ti rí i."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú ara mi tutù, kì í ṣe arúgbó náà. Ó ti rí i láti àkọ́kọ́, ó sì panu mọ́.

Mo dúró. Ọkọ̀ mi ni. Obìnrin náà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi. Eruku pupa ṣì ń fò kiri, ṣùgbọ́n kò bà lé aṣọ rẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "ẹni tó mọ ibi tí egbò wà lẹ́yìn mi dà?"

"Ó wà ní Savalou, Màmá."

"Àwọn tó ń dúró dè mí ní Bobè yóò fi kànrìnkàn ha mí lára."

Ó yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Àjàyí. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ nǹkan kan. Ojú Àjàyí nìkan ni mo rí, ó dà bí ojú ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Mo ṣẹ́jú, títì ti ṣófo.

Mo bọ́ sílẹ̀, mo ká tápólì sókè. Màmá wà níbẹ̀ bí a ṣe tẹ́ ẹ. Mo yí ọkọ̀ padà sí Savalou. Àjàyí kò ní kí n yí i, kò sì ní kí n má yí i.

A bá Àìná lẹ́nu ọ̀nà. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wà nínú abọ́ ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kànrìnkàn tó rọ̀ wà lórí itan rẹ̀. N kò bi í ẹni tó sọ fún un pé à ń bọ̀. Ẹ bá mi bi í, bí ẹ bá láyà. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ gbé e wọlé, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ rọra."

Ó wẹ̀ ẹ́, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Àjàyí dúró níta, ó kọjú sógiri. Lẹ́yìn náà àwọn méjèèjì jókòó ti ìyá wọn lẹ́yìn ọkọ̀, a sì dé Bobè kí oòrùn tó wọ̀. A kò rí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Inú bí àwọn àgbà pé a pẹ́, ó tún wá bí wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n rí Àìná. Àjàyí sọ fún wọn pé a ti wẹ ìyá òun. Ó sì fi iyẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀.

Ǹ bá ní ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, Àjàyí wá bá mi ní ibùdókọ̀ Bantè. Ó ti rù. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n sọ ohun tí ìyá òun bá mi sọ. Mo sọ ọ́ fún un, kò kù kan. Ó mirí.

"Ohun tó sọ fún mi kọ́ nìyẹn."

Mo bi í pé kí ni. Ó wo títì títí, ó ní òun kò lè sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Ó lọ. Kò pẹ́ tó fi oko sílẹ̀ fún koríko, tó fi Bobè sílẹ̀. Àwọn kan ní àwọn rí i ní Parakou, àwọn kan ní Nàìjíríà ni. Àìná kò mọ̀, èmi náà ò mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fa òkú mọ́ ara yín lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó fọwọ́ kàn án nígbà tí ara rẹ̀ ń rùn, ẹ jẹ́ kó ṣáájú. Bí ẹ bá kọ̀, tí arúgbó kan wá bá yín lójú ọ̀nà, ẹ máa gbàdúrà kó jẹ́ awakọ̀ nìkan ni yóò bá sọ̀rọ̀.