Onídùúró Tí Ó Ní Ìwo

Mílíọ̀nù méjì rupia ni Ngadiran jẹ Mukri tí ń ra ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ abúlé wọn. Èlé rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó lóṣù. Oṣù márùn-ún ni Ngadiran ti san èlé yìí. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó ti san mílíọ̀nù méjì, ó sì tún jẹ mílíọ̀nù méjì. Bí kò bá rówó san kí oṣù yìí tó parí, oko ìrẹsì tí ó fi dógò ti di ti Mukri nìyẹn.

Ló bá gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù abúlé lọ. Èlé tiwọn kò ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún lọ lóṣù.

Ìyá Rubinem, akápò ẹgbẹ́, ṣí ìwé. "Onídùúró rẹ dà? Ọmọ ẹgbẹ́ tí kò jẹ gbèsè ni o."

"Ìyá, ta ni kò jẹ gbèsè lábúlé yìí?"

Ìyá fìka tọ orúkọ wá sísàlẹ̀. Gbogbo wọn ló jẹ gbèsè, òun alára kò tíì san owó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tán. Orúkọ tó gbẹ̀yìn, tó pé ogún, ni ìka rẹ̀ dúró lé: Sukro.

Ẹfọ̀n tí ẹgbẹ́ fi ń túlẹ̀ ni Sukro. Nígbà tí wọ́n ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ìjọba ní ogún ènìyàn ni kí wọ́n pé. Mọ́kàndínlógún ni wọ́n. Wọ́n kọ ẹfọ̀n mọ́ ọn, wọ́n ní àgbẹ̀ ni, ìjọba sì fọwọ́ sí i. Láti ọdún mẹ́fà ni owó iṣẹ́ rẹ̀ ti ń wọlé lórúkọ rẹ̀. Kò yáwó rí.

"Ìyá, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín."

"Ta ló ráyè ìyẹn? Lọ bẹ̀ ẹ́. Kí o ṣí fìlà o!"

Ngadiran ṣí fìlà lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, níbi tí wọ́n so Sukro mọ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tẹ̀ lé e láti ṣe ẹlẹ́rìí.

"Ẹ̀gbọ́n Sukro, ẹ gbà mí."

Ẹfọ̀n mirí.

"Ó kọ̀!" ni Darsono, aládùúgbò Ngadiran, pariwo.

"Eṣinṣin ló ń lé!" ni Ngadiran fèsì.

"Ẹni tí o fi pàṣán nà lánàá, òun lo fẹ́ kó dúró fún ọ lónìí? Ojú ẹ mà le o!"

Wọ́n dìbò; àwọn tó ní ó kọ̀ ló pọ̀ jù. Wọ́n ní kó lọ wá nǹkan ìpẹ̀tù. Ngadiran gé koríko tútù apẹ̀rẹ̀ méjì wá. Sukro jẹ ẹ́, ó sì fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ tẹ ìwé tí wọ́n tẹ́ síwájú rẹ̀. Ìyá Rubinem sá ìwé sóòrùn, ó lu òǹtẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ náà ni Mukri gbowó rẹ̀ pé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kà á.

"Ta ló dúró fún ọ?"

"Ọ̀kan nínú àgbà ẹgbẹ́ wa ni."

"Ó lówó tó bẹ́ẹ̀?"

"Ó lówó, àpò ni kò ní."

Nígbà tí òjò dé, Ngadiran mú Sukro lọ sí oko tí ó gbà padà. Ìdajì owó ẹgbẹ́ ṣì wà lọ́rùn Ngadiran. Ẹfọ̀n dúró gbagidi láàárín ẹrẹ̀, kò lọ, kò bọ̀. Ngadiran gbé pàṣán sókè, ó rántí, ó sì sọ ọ́ nù.

Ó ṣí fìlà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣísẹ̀. Owó yín wà nínú ilẹ̀ yìí."