Ohùn Kọ̀ǹkọ̀ Lẹ́yìnkùlé Wa

Aládùúgbò mi kanlẹ̀kùn nírọ̀lẹ́ àná, ó ní mò ń pariwo jù lórí fóònù. Jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ ló ń bú lábẹ́ fèrèsé mi, tí mo fi ń pariwo kí ìyàwó mi lè gbọ́ mi. Òórùn èéfín rẹ̀ gbé mi padà sí Aládé, ìlú tí mo ti ṣe kékeré.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lọ́sàn-án ọjọ́ kan níbẹ̀. Omi kún kòtò tó wà lẹ́yìn ibi tí a ń sá kòkó sí, àwọn kọ̀ǹkọ̀ sì ń ké nínú rẹ̀. Bàbá mi tan jẹnẹrétọ̀ tuntun kó lè wo bọ́ọ̀lù. Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń bú ni àwọn kọ̀ǹkọ̀ ń gbóhùn sókè.

Bàbá mi ní, “Ṣé ẹ gbọ́ àwọn aláìnítìjú yìí? Wọ́n fẹ́ bá mi figagbága nínú ilé mi.”

Ìyá mi ní, “Bàbá Dúpẹ́, àwọn la bá níbí o.”

Bàbá mi gbé kẹrosíìnì, ó dà á sínú kòtò. Mo rò pé èébú ni àwọn kọ̀ǹkọ̀ náà ń bú wa lóòótọ́. Wọ́n dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn kan yí ikùn funfun sókè.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé akọ ló ń ké bẹ́ẹ̀, kí abo lè gbọ́ ohùn èyí tí yóò yàn láàárín ariwo tiwa.

Nígbà tí epo tán nínú jẹnẹrétọ̀, bàbá mi na ẹsẹ̀, ó ní, “Ẹ ò rí i bí ilé ṣe tòrò.”

Bí ẹni pé kọ̀ǹkọ̀ ló ń mu bẹntiróòlù.

Nígbà tí aládùúgbò mi lọ lálẹ́ àná, mo padà sórí fóònù. Mi ò rẹ ohùn sílẹ̀.