Ìbòrí Ọkọ̀ Tí Kò Bá Ẹ̀gbọ́n Mu

Abẹ́rẹ́ ni gbogbo èbúté ń pè é. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, kò ga, kò sanra. Ìròyìn rẹ̀ tó ń jà rànyìn lọ́sẹ̀ yìí ni pé ó rán ìbòrí tuntun sí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìbòrí náà kò sì bá ẹ̀gbọ́n mu. Àwọn tó ń kun ọkọ̀ létí omi ti fi ṣe ẹ̀rín rín. Ẹni tó ti ń rán aṣọ ọkọ̀ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, ṣé ó wá gbàgbé bí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ga tó ni?

Ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta okùn. Yàrá gbọọrọ kan ni, pátákó ilẹ̀ rẹ̀ ti ń dán nítorí aṣọ tí wọ́n ń wọ́ lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n gé àárín pátákó náà, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rì sínú rẹ̀, kí aṣọ ńlá lè tẹ́ pẹrẹsẹ yí i ká. Bí Abẹ́rẹ́ bá jókòó ti iṣẹ́, àfi bí ẹni tó jókòó sínú odò aláwọ̀ búlúù.

Ọkọ̀ onígbòkun ni ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n, kò tóbi. Apá ẹ̀yìn rẹ̀ ni atukọ̀ máa ń jókòó sí, tí yóò di ọ̀pá ìtọ́kọ̀ mú. Níwájú rẹ̀ ni ìbòrí máa ń wà: aṣọ líle tí wọ́n nà sórí páìpù tí wọ́n tẹ̀, kí omi tí ìgbì ń ta sókè má baà bá atukọ̀ lójú. Wọ́n á wá fi sípù so aṣọ mìíràn mọ́ ọn, tí yóò yí ìjókòó náà ká bí àgọ́, pẹ̀lú fèrèsé ọ̀rá tó mọ́ gaara. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Abẹ́rẹ́ ti rán irú rẹ̀ sí ọkọ̀ náà. Ojú ẹ̀gbọ́n ló fi wọ̀n ọ́n, ẹ̀gbọ́n sì ga bí òpó iná. Nítorí náà, bí wọ́n bá jọ lọ sójú omi, aṣọ tí Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ rán ló máa ń wò lọ, òun náà ni yóò wò bọ̀.

Ó ti tọrọ ọ̀pá ìtọ́kọ̀ rí.

"Ìwọ tí o ò rí iwájú?" ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ṣé kí a lọ kí àwọn ẹja nílé ni?"

Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín. Kò tọrọ mọ́.

Lọ́dún yìí ni ejìká ọ̀tún ẹ̀gbọ́n daṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní òun á ta ọkọ̀ náà. Ìbòrí àtijọ́ ti ṣá, fèrèsé rẹ̀ ti pọ́n bí omi tíì, ó wá ní kí àbúrò òun pààrọ̀ rẹ̀, kí ojú olùrajà lè fà sí i. Abẹ́rẹ́ ní kò burú. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò dé ẹnu: kò fẹ́ kí ọkọ̀ náà lọ. Bó bá lọ, òun kò ní rí ohun tó wà níwájú rẹ̀ láé.

Ọjọ́ tó lọ gba ìwọ̀n, ẹ̀gbọ́n wà lọ́dọ̀ dókítà. Abẹ́rẹ́ ká aṣọ àtijọ́ kúrò, ó na ọ̀rá funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí yóò fi gba ìwọ̀n bo gbogbo páìpù, ó fi téèpù lẹ̀ ẹ́, ó sì wọ abẹ́ rẹ̀. Ìlànà iṣẹ́ náà ni pé ẹni tí yóò tukọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó sáyè rẹ̀ kí wọ́n tó fa ìlà fèrèsé. Ó ní òun á fi ìyẹn sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Ó kàn jókòó sáyè ẹ̀gbọ́n kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè sinmi, máákà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Inú ibẹ̀ funfun bí inú èèpo ẹyin. Òòrùn ń gba ara ọ̀rá wọlé, kò mú. Ohùn àwọn òṣìṣẹ́ jìnnà. Omi ń lá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ jẹ́jẹ́, bí ajá tó ń lá àwo. Ọkọ̀ ń mì, kò lọ síbì kan, síbẹ̀ Abẹ́rẹ́ rí i bí èbúté ṣe ń fà sẹ́yìn, bí àwọn òrùlé ṣe ń rì lọ́kọ̀ọ̀kan, bí omi ṣe tẹ́ sílẹ̀ níwájú bí aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi àlùmọ́gàjí kàn. Kò sùn, ojú rẹ̀ kò sì là dáadáa. Ìgbà tí òjìji ẹyẹ kan kọjá lórí ọ̀rá ni ó tó mọ ibi tó wà. Ìlà fèrèsé ti wà lára ọ̀rá yíká, dúdú, gún régé. Ó rò pé ọwọ́ òun tó ti mọṣẹ́ ló fà á síbi tó máa ń fà á sí. Ó ká ọ̀rá rẹ̀, ó lọ gé aṣọ.

Ní Ọjọ́rú, wọ́n fi ìbòrí sórí páìpù. Ẹ̀gbọ́n jókòó. Ó na ọrùn, ó ká a kò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá bàtà lábẹ́ ibùsùn.

"Abẹ́rẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Aṣọ ni mò ń wò. Ta lo fi wọn èyí?"

Ó wo fèrèsé, ó wo ẹ̀gbọ́n, gbogbo rẹ̀ wá yé e. Ojú tì í. "Ẹ má bínú. Màá tú u, màá tún un rán kí olùrajà tó dé."

"Mi ò bi ọ́ nípa títú. Ta lo fi wọ̀n ọ́n?"

"Èmi ni mo jókòó síbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n dìde. Ó ń fọwọ́ pa ejìká. "Wá jókòó."

Ó jókòó. Fèrèsé bá ojú rẹ̀ mu rẹ́gí. Ẹnu èbúté rèé. Òkun rèé lẹ́yìn rẹ̀, ó ń dán, kò lópin.

"Kí lo rí?"

"Mo rí iwájú."

"Ó ti pẹ́ tó o ti ń fẹ́ rí i?"

"Ó pẹ́."

"O ò sì lẹ́nu láti sọ."

"Mo sọ ọ́ nígbà kan. Ẹ ní kí n lọ kí ẹja."

Ẹ̀gbọ́n fi imú rẹ́rìn-ín. "Wọn ò purọ́. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ."

"Ta wá ni adìyẹ?"

"Gbẹ́nu sọ́hùn-ún jàre. Ejìká ló ń dùn mí, ẹnu ò dùn mí. Mo lè jókòó tì ọ́ kí n máa pariwo."

"Olùrajà ńkọ́?"

"Á dúró. Tó o bá tù ú dé ẹnu èbúté, tó o sì tù ú padà láì kọlu ògiri, màá ní kó wá òmíràn lọ. Tó o bá kọlu ògiri, a ó wá ẹni kúkúrú tà á fún."

Abẹ́rẹ́ kò tú ìbòrí náà. Ẹ̀gbọ́n ti bá olùrajà sọ̀rọ̀, olùrajà náà sì ti gbà láti máa retí ìpè lọ́sàn-án Àbámẹ́ta. Àárọ̀ ọjọ́ náà, bí omi bá ti kún, ni wọn yóò tú okùn ọkọ̀.