Bí A Ṣe Rí Ohun Tí Ẹ̀rọ Kọ sí Mùíbátù Lọ́rùn

Ìgbà òtútù ọdún méjì sẹ́yìn lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò sì sí níbẹ̀. Èmi ni aṣojú ẹgbẹ́ fún àwa tí à ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn ní Peckham, ní ìlú London. Ilé-iṣẹ́ wa, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù kan ní Old Kent Road, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ̀rọ AI kan wọlé. Éjẹ́ǹtì ni wọ́n ń pè é, torí ó ń dá ìpinnu ṣe: òun ló ń pín iṣẹ́, òun ló ń gbà á lọ́wọ́ ẹnì kan fún ẹlòmíràn, orí fóònù la sì ti ń rí àṣẹ rẹ̀. Kí n má purọ́, mo wà nípàdé tí wọ́n ti fi hàn wá. Mo sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pé yóò dín wàhálà kù. Mi ò béèrè ẹni tí yóò dáhùn bó bá ṣàṣìṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday kan, kò sẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ Mama Adékọ́yà. Nọ́ọ̀sì ni Mama kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn nìkan ló ń dá gbé, níbi tí àwọn ilé North Peckham Estate wà kí ìjọba tó wó o. Wọ́n fẹ́ fúnra wọn gbé omi kaná, wọ́n ṣubú, orí ilẹ̀ kíṣìnì ni wọ́n sì wà títí di ọ̀sán. Mùíbátù ló yẹ kó lọ síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ní ó kọ iṣẹ́ náà lórí fóònù, wọ́n ní kó lọ jókòó sílé.

Ó bá mi níwájú mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn Jímọ́ọ̀, ojú rẹ̀ ti wú.

"Uncle, wallahi, mi ò kọ iṣẹ́ kankan. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà tí mo rí i pé orúkọ Mama ti kúrò lórí fóònù mi. Mo rò pé wọ́n ti rán ẹlòmíràn ni."

"Ṣé o pe ọ́fíìsì?"

"Mo pè wọ́n. Wọ́n ní kí n ṣe ohun tí fóònù bá sọ."

Mo lọ bá Colin, mánijà wa, pé kó fi àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ̀rọ náà ṣe láàárọ̀ ọjọ́ yẹn hàn wá.

"Ó wà," ló wí, "ṣùgbọ́n kò lè yé yín. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ni."

"Kò lè yé Mùíbátù," mo dá a lóhùn, "síbẹ̀ òun náà lẹ fi lé e lọ sílé."

Ó ṣílẹ̀kùn fún mi pé kí n máa lọ.

A ṣèpàdé. Àwọn kan ní ká daṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá. Àwọn tí físà wọn so mọ́ ilé-iṣẹ́ ń bẹ̀rù pé wọ́n á lé àwọn kúrò nílùú. Ní tèmi, mi ò fẹ́ kí arúgbó mìíràn tún wà nílẹ̀ nítorí ìjà wa. A fẹnu kò pé a ò ní pa ẹnikẹ́ni tì: bí a bá ti parí iṣẹ́ àárọ̀, a ó wá dúró síwájú ọ́fíìsì títí di àsìkò iṣẹ́ ọ̀sán. Nínú òjò la dúró, pẹ̀lú páálí tí a kọ "Ẹ fi àkọsílẹ̀ hàn wá" sí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwa mẹ́sàn-án péré ni. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, a ti lé ní ogójì, àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì sì ń tẹ fèrè fún wa.

Ọjọ́ kẹta yẹn náà ni ọmọ Mama Adékọ́yà gbé wọn wá lórí àga onítáyà. Colin jáde wá kí wọn. Mama di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọn ò sì tètè fi í sílẹ̀.

"Gbogbo oògùn tí mo fún aláìsàn nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo kọ orúkọ mi sí i. Bí mo bá ṣì í fún, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa pè. Ta ni kí n pè lórí tèmi?"

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Colin ti ránṣẹ́ pé wọ́n máa ṣí àkọsílẹ̀ náà fún ẹgbẹ́.

Ayọ̀ wa kò tọ́jọ́. Nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ tí a kò gbọ́ rí ló kún ibẹ̀, kò sì sí ìwé kankan tó ṣàlàyé rẹ̀. Mo jókòó ní ilé ìkàwé fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo ń tẹ gbogbo rẹ̀ wò lórí kọ̀ǹpútà, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀: bí o ṣe máa fi orúkọ àti ọjọ́ wá ohun tí o fẹ́, bí o ṣe máa mọ aago tó ṣẹlẹ̀, ibi tí o ti máa rí i bóyá ènìyàn ló ṣe é tàbí ẹ̀rọ. Mùíbátù ni mo fún kó kọ́kọ́ kà á. Ní ìlà kẹta, ó gbójú sókè.

"Uncle, ẹ ti ń sọ̀rọ̀ bíi Colin."

Mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo tún un kọ kó tó dẹ́kun bíbi mí léèrè, lẹ́yìn náà la tẹ̀ ẹ́ ní ìwé pélébé tí a ń pín kiri. Òun fúnra rẹ̀ ló wá ọjọ́ Tuesday náà jáde. Ẹ̀rọ rí i pé bọ́ọ̀sì rẹ̀ ti pẹ́, ó gba iṣẹ́ Mama lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún ẹnì kan tó wà lẹ́nu ìsinmi, tí kò dáhùn. Ó wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé Mùíbátù ló kọ̀.

"Ẹ̀rọ ni," ló ń sọ léraléra, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Èmi kọ́."

Ilé-iṣẹ́ gbà á padà, wọ́n sì kọ lẹ́tà ìtúúbá sí i. Wọ́n fọwọ́ síwèé pé wọn ò ní fìyà jẹ ẹnikẹ́ni mọ́ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ rí àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Mama kò fẹsẹ̀ ara wọn rìn mọ́, ilé-iṣẹ́ kò sì kọ lẹ́tà kankan sí wọn. Èmi lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Mama fún ìbéèrè tí mi ò béèrè nípàdé. Wọ́n ní kí n jókòó kí n jẹun. Títí di òní, oṣù mẹ́ta péré ni ilé-iṣẹ́ fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ náà kí wọ́n tó pa á rẹ́. Kò tó. Ìyẹn ṣì wà nílẹ̀ fún yín.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí pè mí láti Lewisham. Irú iṣẹ́ wa lòun náà ń ṣe, irú ẹ̀rọ yẹn náà ló sì ń pín iṣẹ́ fún wọn. Mo rò pé ìrànlọ́wọ́ ló ń wá, mo ti ń wá bírò.

"Rárá, Uncle," ló wí. "Mo ti ka ìwé yín nínú bọ́ọ̀sì, mo ti gba àkọsílẹ̀ mi, wọ́n sì ti dá mi láre. Mo kàn ní kí n sọ fún yín pé àṣìṣe kan wà ní ojú ewé kẹrin."

Mo ṣí i wò. Òótọ́ ló sọ. Mo ti tún un ṣe.