Àkọ́so Pómégíránétì Tí Àkànní Kò Jẹ

Ó dìgbà o, Àkànní. Ó dìgbà tí mo bá tún rí ẹni tí yóò bá mi jà nítorí garawa omi kan. Ikú ṣe mí ní ohun tí ìwọ fúnra rẹ kò tó ṣe mí láyé: ó gba ọ̀rọ̀ ìkẹyìn mọ́ mi lẹ́nu.

Dúpẹ́, ọmọ wa, ti kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére kan sílẹ̀ dè mí. Ó kọ ọ́ pé a kò jà rí, pé ẹ̀rín ni o rín tí o fi sùn nínú Olúwa. Mo ní kí ó dá a padà sínú báàgì rẹ̀. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí wọ́n tó ní kí n wá máa tẹ̀lé ìyá mi lọ sóko, ṣùgbọ́n mo lè kọ orúkọ mi, mo sì lè kọ òtítọ́. Mo ti sọ fún àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́ pé bí wọ́n bá yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò nínú rẹ̀, kí wọ́n yọ orúkọ mi náà kúrò nínú ètò ìsìnkú.

Níwájú àlejò, “ẹ̀yin” ni mo máa ń pè ọ́. Lónìí, kí àlejò má bínú. Ìwọ ni mo ń bá wí.

Ìwọ Àkànní, ọmọ Ajílété, atún-aago-ṣe ọjà Kenyatta ní Enugu! Aago tí ó bá kú lọ́wọ́ gbogbo ayé, ọwọ́ rẹ ni í gbé jí. Ọwọ́ rẹ kì í gbọ̀n, ohùn rẹ kì í ga. O kò mutí, o kò kó obìnrin. Àwọn ìyá ìjọ a máa sọ fún mi pé mo ríre lọ́kọ, èmi náà a sì gbé orí sókè. Wọn kò mọ̀ pé mo ní orogún. Pómégíránétì ni o fi ṣe orogún mi.

Oníbàárà kan tí o bá tún aago ṣe ni ó gé ẹ̀ka igi náà fún ọ. Ó ní bí ó bá rí ilẹ̀ àti oòrùn, yóò so èso pupa tí ó dé adé, inú rẹ̀ yóò sì kún fún hóró bí ìlẹ̀kẹ̀. O kò tọ́ ọ wò rí. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ó fi mú ọ. O dé ilé wa ní Uwani, o wo ẹ̀yìnkùlé yí ká, o rí i pé ẹ̀gbẹ́ ògiri tí mo gbin úgú sí nìkan ni oòrùn ń pa láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Mo lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo fi máa dé, úgú mi ti wà lórí ààtàn.

“Àbẹ̀kẹ́,” o wí, “úgú wà lọ́jà.”

Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn náà ni. Ká ní o lọgun mọ́ mi ni, ǹ bá mọ bí mo ṣe máa lọgun padà.

Ẹ̀ka kan yẹn di igi mẹ́ta. Àgbà ọkùnrin bíi tìrẹ ń gé ẹ̀ka sínú agolo mílíìkì, ó ń fi yanrìn sí i, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n dàgbà, wọn kò ga, wọ́n kàn ń tú yẹ́ẹ́ láti ilẹ̀ ni, ẹ̀gún wọn a sì máa fa ìró mi ya bí mo bá fẹ́ sá aṣọ. O mú awò kékeré tí o máa ń fi sójú kan wo inú aago, o ń fi wo òdòdó wọn. O pè mí pé kí n wá wò ó: èyí tí ìdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yóò já bọ́, èyí tí ìdí rẹ̀ rí bí ìdí ìkòkò ni yóò so. Gbogbo wọn ni ó ń já bọ́, onídìí tẹ́ẹ́rẹ́ àti onídìí ìkòkò. Òdòdó pupa bí ẹ̀yinná, àràárọ̀ ni mo ń gbá wọn.

Ẹ̀yin ará Enugu, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ omi ṣe rí fún wa. Tánkà ni gbogbo àdúgbò ń dúró dè. Nígbà ọyẹ́ tí ètè gbogbo ènìyàn ń bẹ́, ọkọ mi a fi abọ́ kan wẹ̀, a fi garawa bomi rin igi. Láàárọ̀, nírọ̀lẹ́. Bí mo bá ní ó tó, a ní òùngbẹ ń gbẹ wọ́n.

Mama Nkechi tí ó ń gbé lápá kejì ògiri ni ó bi ọ́ lọ́jọ́ kan pé, “Papa, this your tree na man?” Ó mọ̀ pé ìbẹ́pẹ máa ń ní akọ, tí kì í so. Ìbéèrè lásán ni, ṣùgbọ́n o bínú débi pé fún ìgbà pípẹ́, bí ó bá kí ọ, ikọ́ ni o fi ń dá a lóhùn. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín. Èmi náà ni mo sì sọ pé kò ní so lójú rẹ. Mo sọ ọ́ níwájú ẹlẹ́rìí, n kò sì kó o jẹ.

Dúpẹ́ tilẹ̀ ra èso pómégíránétì kan wá láti Àbújá, ó fi bébà dì í bí ẹyin. O yí i síwá sẹ́yìn, o gbóòórùn rẹ̀, o sì gbé e fún Mama Nkechi. O ní ẹni tí ó lóko kì í jẹ iṣu ọjà. O kò bi mí bóyá èmi fẹ́ tọ́ ọ wò.

Ọyẹ́ tí ó kọjá ni ẹsẹ̀ rẹ wú. Dókítà ní ó ti rẹ ọkàn rẹ, kí o má gbé ohunkóhun tí ó wúwo mọ́. A gbé àga fún ọ sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, láti ibẹ̀ ni o ti ń pàṣẹ fún mi bí ọba: Àbẹ̀kẹ́, bomi rin wọ́n. Mo ní n kò ní ṣe é. Tánkà kò wá lákòókò yẹn, ohun tí ó kù nínú dúrọ́ọ̀mù kò ju èyí tí o máa fi lo oògùn àti èyí tí a óò mu lọ. Mo ní n kò ní fún igi lómi kí n wá fi itọ́ se ọbẹ̀. O bẹ̀ mí. O tún rán Mama Nkechi kan náà sí mi pé kí ó bá ọ bẹ̀ mí. Mo gbé garawa sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì sùn lé e lórí.

Ewé wọn gbẹ, ó rẹ̀ dànù. O jókòó, o ń wò wọ́n bí ẹni tí ó ń wo ọmọ lórí ibùsùn ọsibítù.

“Apànìyàn ni ọ́, Àbẹ̀kẹ́.”

“Igi kì í ṣe ènìyàn.”

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Igi tí mo pa rúwé. Ó yọ òdòdó, àwọn kan já bọ́, ọ̀kan kò já. Ìdí rẹ̀ wú, ó le, ó di èso. O fi awò wò ó, o nu awò, o tún un wò. Mo sọ fún ọ lójúkorojú pé omi rẹ ni ó ń pa á láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, pé ìfẹ́ rẹ ni kò jẹ́ kí ó so. O ní irọ́ ni, pé ìrì ni ó bá ọ bomi rin ín. Ìrì, nínú ọyẹ́ Enugu! Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí.

Inú mi dùn, Àkànní. N kò sọ fún ọ nígbà náà. Mo rò pé ìjà ti parí, pé o máa jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ àkọ́so dé. Gbogbo wa mọ̀ pé àkọ́so oko, ti Ọlọ́run ni, ọjọ́ Ìkórè ni a ń gbé e lọ sílé Rẹ̀. Èso kò tíì tó ọsàn tí o ti ránṣẹ́ pe pásítọ̀, o ní Ọlọ́run ni ó ni ín. Láti ọjọ́ yẹn, èso ń pọ́n, ìwọ ń ṣá. Mo rí i pé ẹ̀yin méjèèjì ń sáré ìje. Dókítà pè mí síta, ó ní kí n pe àwọn ọmọ. N kò kọ́kọ́ pe ọmọ. Ọ̀bẹ ni mo mú.

Mo ní, “Ìkórè ṣì jìnnà. Jẹ ẹ́.”

“Ti Ọlọ́run ni, Àbẹ̀kẹ́. Èyí tí ó bá tẹ̀ lé e ni tèmi.”

O nawọ́ sí àwọn méjì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so, tí wọn kò ju àtàǹpàkò lọ. Mo sọ fún ọ pé Ọlọ́run ní oko jákèjádò ayé, ìwọ ẹnu kan ṣoṣo ni o ní, ó sì ń múra àtipadé. O yí ojú sí ògiri. Bí o bá jí lónìí, màá tún un sọ.

Ìwọ tí o ń jí aago, o kò lè sún tìrẹ síwájú títí di ọjọ́ Ìkórè. O kú. Mo fi áńkáṣífì rẹ di èso náà lórí igi kí ẹyẹ má baà ṣá a. Òkú rẹ wà ní mọ́ṣúárì tí a ń dúró de àwọn ọmọ tí ó wà lókè òkun, nígbà tí mo wọ aṣọ dúdú, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n tò ó sáàárín iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹni tí ó ń pe ọjà Ìkórè gbé e sókè, ó bèèrè ohun tí ó jẹ́, ẹnìkan ní tòmátì tí ó wú ni, gbogbo ilé sì rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tí ó wọ kóòtù ni ó rà á. Ó gé e jẹ tèèpo tèèpo bí ápù. Ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó tutọ́, ó sì jù ú sẹ́bàá gọ́tà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo dúró níbẹ̀. Mo ń ṣọ́ ibi tí ó bọ́ sí.

Nígbà tí wọ́n wọlé tán, mo lọ gbé e. Ọlọ́run ti gba tirẹ̀, ènìyàn ti tutọ́ sí i, kò sí ẹni tí ó ni ín mọ́. Mo gbé e délé, omi mímu ni mo fi fọ̀ ọ́. Mo jókòó sórí àga rẹ, mo là á. Hóró inú rẹ̀ dà bí òkúta pupa kéékèèké tí o máa ń fi hàn mí nínú aago àwọn ọlọ́lá. Mo jẹ ẹ́ tán. N kò ṣẹ́ hóró kan kù fún ọmọ kankan. Bí pásítọ̀ bá fẹ́ bá mi wí, ó mọ ilé.

O fẹ́ mọ bí ó ṣe rí lẹ́nu. Ó kọ́kọ́ kan bí àgbálùmọ̀ tí kò tíì pọ́n dáadáa, lẹ́yìn náà omi rẹ̀ tú sí gbogbo ẹnu. Ó dùn, Àkànní. Ó dùn ju bí oníbàárà rẹ ṣe sọ fún ọ lọ.

Àwọn ọmọ ní bí a bá ti sin ọ́ tán ní Ògbómọ̀ṣọ́, Àbújá ni mò ń lọ. Wọ́n ń tan ara wọn. Uwani ni mò ń padà sí. Àwọn méjì yẹn ti tó ọsàn. Ọ̀kan jẹ́ tèmi. Ìkejì ni èyí tí o ní ó jẹ́ tìrẹ, yóò wà lórí igi títí yóò fi là fúnra rẹ̀. Bí o kò bá wá, kí ẹyẹ jẹ ẹ́. Èmi kò ní jẹ tìrẹ.

Sùn re o, olóríkunkun mi. Ọyẹ́ ń bọ̀. Fọkàn balẹ̀, n kò ní bomi rin ín.

Àbẹ̀kẹ́, aya rẹ.