Amọ̀ Tó Ti Orí Òkè Wá

Ọmọ-ọmọ mi, ọdún tí ìyáálé mi kú ni ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Àwa méjèèjì nìkan ló kù tó ń mọ ìkòkò ní abúlé wa tó wà lẹ́yìn ìlú Ṣakí. Ọkọ wa ti kú. Bàbá rẹ, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìbàdàn.

Kòtò wa wà létí odò. Lọ́dọọdún ni omi ń da amọ̀ tuntun sínú rẹ̀. Nígbà ayé ìyáálé mi, bí mo bá bu tèmi, á fi díẹ̀ kan ahọ́n, á tutọ́ dànù: "Ó dáa. Lọ máa mọ ọ́n, ọ̀lẹ!" Lẹ́yìn tó kú, mo ń tọ́ ọ wò fúnra mi, n kò rẹ́ni bi bóyá ó dáa.

Mo mọ àmù mẹ́fà, mo fi koríko àti igi gbígbẹ bò wọ́n, mo ṣáná sí i. Márùn-ún fọ́ nínú iná. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀yìn rẹ̀. Obìnrin ilé kejì ní, "Ìyàwó, ọwọ́ ń gbọ̀n o. Àgbà ti dé." Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá kọ̀ mí, kí ni mo kù fún?

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tíṣà yunifásítì kan dé, ó ń gbá páìpù irin wọ ilẹ̀ etí odò. Á fà á yọ, á gé ẹrẹ̀ inú rẹ̀ wẹ́wẹ́ sínú ọ̀rá.

"Tíṣà, ṣé ọbẹ̀ lẹ fẹ́ fi sè ni?"

"Rárá o, ìyá. Mo fẹ́ mọ ibi tí odò ti kó o wá ni."

Ó ní àwọn nǹkan kan wà nínú ilẹ̀, bí irin, bí bàbà, tó kéré débi pé ojú kò lè rí wọn. Ti orí òkè yàtọ̀ sí ti àkùrọ̀. Bí odò bá gbé ilẹ̀ dé ibi yòówù, wọn ò ní kúrò lára rẹ̀, bí ilà ojú.

Mo sáré bu amọ̀ mi fún un. "Ẹ bá mi wo eléyìí náà."

"Kí ló ṣe é?"

"Ẹ ṣáà bá mi wò ó." Ojú ń tì mí láti sọ ọ́.

Òjò rọ̀, ó dá, kí tíṣà tó padà wá. "Ìyá, orí òkè ni amọ̀ yín ti wá. Látìgbà tí katapílà ti la ọ̀nà lọ́hùn-ún ni àgbàrá ti ń wọ́ ọ wá bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Ẹ gbẹ́ ẹ tó ìgbọ̀nwọ́ mẹ́ta, ẹ ó bá a."

"Ṣé amọ̀ ni, kì í ṣe ọwọ́ mi?"

"Ọwọ́ wo, ìyá?"

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gbẹ́ ẹ. Mo mọ àmù mẹ́fà, mo sun wọ́n. Kò sí ọ̀kan tó fọ́. Mo gbé èyí tó dára jù rù, mo kọrí sí ilé kejì kí n fi han obìnrin náà. Wọ́n ti lọ sóko. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ọrùn fi ń ro mí, mo bá gbé e padà sílé.