Àmù Tí Mo Gbé Sẹ́yìn Ṣọ́ọ̀bù

Òórùn amọ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Kì í ṣe ti òjò àkọ́rọ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ, èyí tí gbogbo ayé ń yìn. Òórùn ìkòkò tuntun ni mo ń wí, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi sí fún ìgbà àkọ́kọ́, tó ń mu omi náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ tipẹ́. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù oògùn mi ní Àgbowó ni òórùn yẹn wà ní gbogbo oṣù keje ọdún náà, ó dàpọ̀ mọ́ òórùn sípíríìtì àti ti páálí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ra oògùn ibà á fa imú, wọ́n á ní, "Màmá, ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìkòkò ni?" Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá sì padà lọ wo tẹmómítà mi.

Obìnrin kan ní Bódìjà ló sún mi dé ìdí ìkòkò. Ìyá Sudan ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé Sudan ló ti wá. Ẹgbẹ́ mi ni lọ́jọ́ orí. Ọkọ rẹ̀ ń kọ́ni ní yunifásítì, wọ́n sì ti lò ju ọdún mẹ́wàá lọ ní Ìbàdàn. Ó gbọ́ Yorùbá débi pé ó lè ná ata títí aláta á fi máa bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú wọn, tí àwọn ènìyàn ń sá kúrò nílé pẹ̀lú aṣọ ọrùn wọn nìkan, òun àti àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ díẹ̀ tó wà níbí, pẹ̀lú àwọn Yorùbá mélòó kan tó ti kàwé lọ́hùn-ún rí, bẹ̀rẹ̀ sí í kó oògùn jọ. Wọ́n wá ẹni tí yóò máa yẹ oògùn náà wò, tí yóò sọ èyí tó lè rin ìrìn àjò àti èyí tí kò lè rìn. Bí èmi ọmọ Òkè-Ògùn, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ṣe dẹni tó ń lo ọ̀sán Sátidé láàárín àwọn tó ń sọ "àsàlámù àlékùn" síra wọn nìyẹn. Dókítà ni wọ́n ń pè mí. Mo ní apòògùn ni mí, wọn ò gbà. Nígbà tó yá, mo ń jẹ́ ẹ, àní ó ti ń dùn mọ́ mi.

Mo fẹ́ràn pálọ̀ yẹn. Wọ́n á ti ká rọ́ọ̀gì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, páálí á kún ilẹ̀, tùràrí á máa rú díẹ̀ nínú àwo kékeré lójú fèrèsé, a ó sì máa mu kófì tí wọ́n fi atalẹ̀ sè, tó ń ta ọ̀nà ọ̀fun bí ata. Bí a ti ń di báńdéèjì ni Ìyá Sudan á máa sọ̀rọ̀ ilé. Ó ní àmù ńlá méjì ni màmá òun gbé sẹ́nu ọ̀nà fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá, sàráà ni. Wọ́n so ife mọ́ ọn. Ó ní omi inú rẹ̀ máa ń tutù débi pé ó ń dun ni ní eyín, bí oòrùn tilẹ̀ ń jó ìta gbẹ. Mo máa ń gbọ́ ọ, ọkàn mi á sì lọ sí àmù ìyá mi àgbà lókè lọ́hùn-ún, èyí tó máa ń wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti mu irú omi bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Nígbà tí à ń sọ yìí, màmá Ìyá Sudan ti fi àmù méjèèjì sílẹ̀. Ó wà ní ibùdó àwọn tí ogun lé wá sí ẹ̀gbẹ́ ààlà Chad, lábẹ́ àgọ́. Àtọ̀gbẹ ń bá a jà, abẹ́rẹ́ ínsúlìn ló sì ń gbé e ró. Nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀, tó máa ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá gbà fún un, ní èyí tó kù nílẹ̀ kò ní pẹ́ tán.

Bí ínsúlìn ti rí nìyí. Kò fẹ́ ooru rárá. Bí ooru bá ti bà á jẹ́, omi lásán ni wọn á máa gún. Ọkùnrin oníṣòwò kan ní Sábó, tó máa ń lọ sí Chad lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, gbà láti fi kúlà oníyìnyín gbé e dé ibùdó. Ṣùgbọ́n kò sí iná níbẹ̀, kò sí fíríìjì. Tí yìnyín bá yọ́ tán ńkọ́?

Ìyá Sudan ní, "Àmù, Dókítà. Wọ́n lè rí àmù níbẹ̀. Ẹ gbé kékeré sínú ńlá, kí ẹ fi yanrìn tútù sáàárín. Á tutù."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n dán an wò ná. Oògùn kì í ṣe ohun àméfò."

Mo dán an wò lóòótọ́. Mo ra àmù kékeré àti ńlá lọ́jà Bódìjà, mo bu yanrìn lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́lé lẹ́yìnkùlé wa, mo fi omi rin ín, mo dà á sáàárín àmù méjèèjì, mo fi aṣọ tútù bo orí rẹ̀, mo sì fi tẹmómítà sínú. Àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, ni mò ń kọ ohun tí mo rí sínú ìwé. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́ lákòókò yẹn. Aṣọ tí mo sá ní Mọ́ńdè ṣì ń rin ní Ọjọ́bọ̀, iyọ̀ ti ń yọ́ nínú abọ́. Mo rí gbogbo rẹ̀, mo sì ń ráhùn nítorí rẹ̀, síbẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún mi. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, inú àmù náà kò fi bẹ́ẹ̀ tutù ju ìta lọ. Mo ṣe ìṣirò mi: bí kò bá rí nǹkan kan ṣe nínú ooru Ìbàdàn, kí ló fẹ́ rí ṣe nínú ooru tiwọn?

Ní Sátidé, mo mú ìwé mi jáde níwájú gbogbo wọn. Mo ní ínsúlìn kò lè lọ. Ìyá Sudan gbé kófì rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, "Dókítà, Ìbàdàn kọ́ ni ìlú wa. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ. Mo mọ àmù ilé wa."

Mo dìde, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, "Mo mọ̀ pé àárò ilé ń sọ yín." Mo tún fi òwe lé e, èmi ọ̀mọ̀wé: "Àjò kì í dùn kí onílé má relé." Àwọn kan mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá Sudan fa ọwọ́ rẹ̀ jáde jẹ́jẹ́, ó sì lọ gbé kófì sí i wá. Báńdéèjì, oògùn ibà àti iyọ̀ ìgbẹ́ gbuuru ló bá ọkùnrin Sábó lọ. Ínsúlìn padà sínú fíríìjì mi.

Ní oṣù kẹsàn-án ni wọ́n pè mí pé màmá náà ti kú. Mo lọ kí Ìyá Sudan. Mo jókòó tì í lórí ẹní, ó sì jẹ́ kí n gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì yẹn, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ínsúlìn tán. Òùngbẹ mú màmá náà, òùngbẹ tí omi kò lè pa. Wọ́n ń fún un mu, ó ń béèrè sí i. Ẹni tó gbé àmù síta fún gbogbo èrò ọ̀nà, òùngbẹ ló ń kígbe títí tó fi lọ. Mo sunkún lọ́jọ́ náà bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Ọyẹ́ dé. Ètè ń là, aṣọ ń gbẹ kí n tó sá èyí tó tẹ̀ lé e tán. Mo fẹ́ fi àmù ńlá yẹn ta ẹnì kan lọ́rẹ, mo kó yanrìn jáde, mo fọ̀ ọ́, mo pọn omi kún un láàárọ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń jò. Lọ́sàn-án, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo sì yára fà á yọ. Omi náà tutù nini. Mo mu ún, ó dun mi ní eyín.

N kò nílò tẹmómítà mọ́, ṣùgbọ́n mo lọ mú un. Ìwé mi kan náà ni mo kọ ọ́ sí, lábẹ́ ti oṣù keje. Ohun tí ọmọ ilé ìwé mọ̀ ni: àmù ń làágùn, afẹ́fẹ́ ń mu òógùn náà, ooru sì ń bá a lọ. Afẹ́fẹ́ ìgbà òjò ti yó, kò lè mu mọ́. Ti ọyẹ́ ni ebi ń pa. Tiwọn lọ́hùn-ún sì gbẹ, Ìyá Sudan sọ fún mi bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sórí páálí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

Mo lè dákẹ́. Mo rò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, mi ò purọ́ fún ọ. Ní ọjọ́ kẹrin, mo gba Bódìjà lọ, mo sì jẹ́wọ́ rẹ̀ lójú Ìyá Sudan, láìjókòó.

Ó ní, "Mo mọ̀. Lọ́dọọdún tí ọyẹ́ bá dé ni àmù ẹ̀yìnkùlé mi máa ń tutù. Mo sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn."

"Kí ló dé tẹ́ ò takú?"

"Ẹ̀yin lẹ kàwé ẹ̀. Ẹ sì di ọwọ́ mi mú bí ẹni pé ẹkún ni mò ń sun."

Kò sọ pé kò burú. Títí dòní, kò tíì sọ ọ́, n kò sì retí rẹ̀. Bóyá ínsúlìn náà ì bá má dé lásìkò, bóyá nǹkan mìíràn ì bá ṣẹlẹ̀ lọ́nà. N kò mọ̀, kò sì sí ẹni tó máa sọ fún mi. Nígbà tí mo ti sunkún tó, ó béèrè pé, "Ínsúlìn tó wà lọ́dọ̀ yín ńkọ́? Ọjọ́ ẹ̀ ò tíì kọjá?" Mo ní kò tíì kọjá. Ó ní, "Àwọn màmá ẹlòmíì ṣì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dì í."

Ínsúlìn náà bá ọkùnrin Sábó lọ ní ìrìn àjò kejì, pẹ̀lú àlàyé bí wọ́n ṣe máa to àmù àti yanrìn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nọ́ọ̀sì yẹn fi ohùn ránṣẹ́. Kí ó tó sọ̀rọ̀, a kọ́kọ́ gbọ́ tí wọ́n ń da omi sórí yanrìn, lẹ́yìn náà ló ní ó tutù. Ìyá Sudan kò tẹ́tí sí èyí tó kẹ́yìn. Ibi tí omi ti ń dún ló ń dá padà, ó ń dá a padà, ó sì di fóònù náà mọ́ etí.

Àmù náà wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, mo so ife mọ́ ọn. Ìyá Sudan máa ń dúró níbẹ̀ tó bá ń bọ̀ láti ọjà, á mu díẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀: bí òpópónà wọn ti rí, irú igi tó wà lẹ́nu ọ̀nà. N kì í di ọwọ́ rẹ̀ mú mọ́, n kì í pa òwe. Màá fa àga sún mọ́ ọn, màá ní, "Ẹ tún sọ fún mi. Báwo ni afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣe rí?"